Àga Tí Wọ́n Gbé Wá Síbi Mítìǹgì Ìdúró

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, èmi náà wá tẹ̀lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mo dúró, mo jókòó, mo sì tún dúró. Wọ́n á rò pé mo ń ṣàwàdà. Àwàdà kọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge títí di ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi kúrò lọ́fíìsì, bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àjàó Estate ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń balẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń kọjá lórí òrùlé, a máa dá ọ̀rọ̀ dúró ni, tó bá lọ tán a ó tún máa bá a lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde yunifásítì máa ń wá kí mi, wọ́n á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù iwájú ilé, wọ́n á ní, "Àlàájà, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí dáa? Báwo lèèyàn ṣe ń di mánéjà níbẹ̀?" Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá mi, aṣọ ló ń tà l'Óṣòdì. Èmi ni àkọ́bí, èmi ló sì fẹ́ kó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Nígbà tí mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ kọ́, ó wò mí títí, ó ní, "Sàádátù, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Mo ní wọ́n ń fi í ṣírò ni. Ó ní, "Èmi náà ń ṣírò." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sanwó ilé-ìwé. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Kò sí owó oṣù tó tó rí.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ilé-iṣẹ́ ló kún Ìsọlọ̀, bí fèrè bá ti dún láàárọ̀, gbogbo títì á kún fún àwọn òṣìṣẹ́. Yàrá kọ̀ǹpútà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, wọn kì í sì í pa ẹ́sì tó ń mú yàrá tutù nítorí rẹ̀, àwa wá ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn Èkó.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Fálànà, ọmọ Abẹ́òkúta, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń so táì, tí kì í sì í tú u bó ti wù kí ooru mú tó. Àga kan ṣoṣo ló ní apá nínú yàrá yẹn, tirẹ̀ ni. Àwa mẹ́ta tí à ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì là ń jókòó sí kọ̀wé, bó bá sì di pé ká bá a sọ̀rọ̀, ìdúró ni. Kò jẹ́ kí a ṣàdédé fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Orí pépà lo máa kọ́kọ́ kọ prógíráàmù rẹ sí, wàá dúró níwájú rẹ̀, wàá máa kà á fún un ní láìnì-láìnì, Yorùbá lo sì gbọ́dọ̀ fi ṣàlàyé rẹ̀.

"Sàádátù, láìnì yìí, kí ló ń sọ?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀.

"Mi ò bi ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Sọ ọ́ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ nísọ̀ aṣọ."

"Ó ní... ó ní bí aṣọ tó wà nílẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kí kọ̀ǹpútà ké sí èèyàn, sà."

"Kó ké sí ta ni?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀.

"Lọ jókòó. Ìwọ fúnra rẹ ò mọ ẹni tó máa ké sí, o wá fẹ́ kí irin mọ̀ ọ́n."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó lè ní kí n tún ojú ìwé kan kọ títí ìka á fi máa ro mí. Kì í yin èèyàn. Bí iṣẹ́ rẹ bá dáa, á kàn ní, "Gbé e wọlé," ìyẹn ni pé o lè lọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti sunkún nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ yẹn o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Ọjọ́ kan ni mo wá mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ló kọ prógíráàmù tó ń sọ ibi tí àwọn onílọ́rì máa gbé aṣọ lọ. Ó ṣì í kọ. Aṣọ tó yẹ kó lọ sí Kánò gba Àbá lọ, ti Àbá gba Kánò lọ. Aláṣẹ ilé-iṣẹ́ já wọ yàrá wa pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ta ló ṣe é?" Àwa mẹ́ta tẹrí ba. Ọ̀gá Fálànà dìde lórí àga rẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Ọkùnrin yẹn bú u níṣojú wa bí ìgbà tí wọ́n ń bá ọmọdé wí.

Nígbà tó lọ tán, ẹni tó ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá jókòó, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Dìde. Àga tí mo jókòó sí yìí, ṣé ẹ rò pé nítorí ìdí mi ni wọ́n ṣe rà á? Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa bú, ibí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò." Ó wá ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́, ká sì kọ prógíráàmù náà látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó ń dúró dè mí.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ilé-iṣẹ́ aṣọ náà kógbá sílé. Ọ̀gá Fálànà ti ṣaláìsí nígbà yẹn, Ọlọ́run bá wa dẹlẹ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù ti di èyí tó ń jókòó lórí tábìlì, kò pẹ́ ó di èyí tí èèyàn ń gbé kọ́ èjìká. Iṣẹ́ tí mo kó ìdajì ayé mi lé lórí, wọ́n á ní ó ti dàtijọ́, kí n wá kọ́ òmíràn. Mo kọ́ òmíràn. Kí n tó mọ̀ ọ́n tán, ìyẹn náà ti dàtijọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ prógíráàmù fún àwọn oníṣòwò, ní Àjàó Estate níbí, ló wá gbà mí. Mo ṣe é ṣe é, mo di mánéjà. Wọ́n fún mi ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì àti àga tó ní apá. Láyé ìgbà yẹn, mánéjà gidi ni mánéjà. Láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi ni màá pín iṣẹ́: ìwọ ṣe tibí, ìwọ ṣe tọ̀hún, ó gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́ báyìí. Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á gbé e wá síwájú mi, wọ́n á dúró, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dáa, màá ní, "Gbé e wọlé." Ẹ ò rí nǹkan! Inú mi máa ń dùn bí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọ̀gá àgbà wa, ọkùnrin tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí, fi lọ sí ìpàdé kan lókè òkun tó sì kó ájáìlì bọ̀ wálé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Tẹ́lẹ̀, a lè fi odindi ọdún kọ prógíráàmù, ká wá gbé e fún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníbàárà ní ohun tóun ní ká ṣe kọ́ nìyí. Ájáìlì ní ká máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, ká máa fi han oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí àwọn tó ń kọ ọ́ sì máa pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má pàṣẹ lé wọn lórí. Dàmọ́lá ni wọ́n gbà láti wá kọ́ wa, ọmọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Ó lẹ pépà kéékèèké mọ́ gbogbo ògiri, iṣẹ́ kan lórí pépà kan. Ó ní láràárọ̀ a óò máa dúró yí ògiri yẹn ká, ká má jókòó kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, kálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Mo ní, "Dàmọ́lá, bí wọ́n bá ń pín iṣẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ máa ràn wọ́n lọ́wọ́, mà."

"Kí n fi kí ni ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Ẹ máa bá wọn mú ohun tó bá ń dí wọn lọ́wọ́ kúrò, mà."

"Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń dí wọn lọ́wọ́ ńkọ́?"

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe mítìǹgì ìdúró yẹn, gbogbo wa pé síwájú ògiri. Mo fọwọ́ kan orúnkún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré o. Kí n tó gbé ojú sókè, Wùnmí ti sáré lọ gbé àga wá. Ọmọ Èjìgbò ni Wùnmí, ìyá ọmọ kan, òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú wọn. Bó bá ń kí ọ láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ á kan ilẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan tó já bọ́. Ó ní, "Ẹ jókòó, mà. A ò lè máa wò yín lórí ìdúró." Ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé, "Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí wọ́n gbé àga fún àgbà, kí àgbà ní òun ò jókòó? Wọ́n á ní kí làwọn ṣe fún un. Mo wo Dàmọ́lá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun náà ní ìyá nílé. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Bí àga yẹn ṣe di ti ojoojúmọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ ẹ̀yìn sí ògiri, tí wọ́n kọjú sí mi. "Lánàá mo ṣe báyìí, mà. Lónìí màá ṣe báyìí, mà. Kò sóhun tó ń dí mi lọ́wọ́, mà." Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣé ájáìlì tí wọ́n ń pariwo náà nìyí? Ohun tí Ọ̀gá Fálànà ń ṣe ni wọ́n kàn sọ lórúkọ tuntun.

Oníbàárà wa kan wà ní pápákọ̀ òfurufú, ilé-iṣẹ́ tó ń gba ẹrù tó bá tòkè òkun dé sílẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi wá gbé e. Prógíráàmù wa ló ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ibi tí wọ́n máa kó páálí kọ̀ọ̀kan sí: oògùn á lọ sí yàrá tútù, aṣọ àti irin á lọ sábẹ́ páànù. A tún prógíráàmù náà kọ, Wùnmí ló kọ apá tó ń mọ oògùn yàtọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè la fẹ́ gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ní Fráídè, mo jókòó sórí àga mi, mo ní, "Mo ti fi ọkàn oníbàárà balẹ̀ o, mo ti ní ó ti parí. Àbí ohun kan wà?" Ó kan Wùnmí láti sọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò séwu, mà."

Ewu wà. Bí ẹrù ẹnì kan bá pọ̀, ọkọ̀ òfurufú lè gbé ìdajì wá lónìí, kó gbé ìdajì wá lọ́la. Prógíráàmù tuntun yẹn á mọ ìdajì àkọ́kọ́ sí oògùn. Bí ìdajì kejì bá dé, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, á ní kí wọ́n kó o sábẹ́ páànù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni oògùn àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà dé, èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ rí ooru. Ìdajì rẹ̀ wọ yàrá tútù. Ìdajì yòókù wà lábẹ́ páànù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, nínú oòrùn oṣù kẹta. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹni tó ni ín fọwọ́ kan páálí, ó rí i pé ó gbóná, ó ní òun ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Wọ́n ń kó páálí wọ̀nyẹn jáde láti lọ dà wọ́n nù. Àbúrò mi obìnrin wà ní Ṣógúnlé tó ń gún irú abẹ́rẹ́ yẹn láràárọ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kó wọn tán.

Ìgbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, Wùnmí ti kúnlẹ̀ sínú yàrá mi.

"Mo rí i, mà," ló kọ́kọ́ sọ. "Mo dán an wò ní Ọjọ́bọ̀, mo rí i pé kò mú ìdajì kejì."

"O rí i? Wùnmí, o rí i? Mo bi ọ́ níṣojú gbogbo èèyàn, o ní kò séwu!"

"Ẹ ti sọ fún oníbàárà pé ó ti parí, mà. Ẹ jókòó, gbogbo wa dúró yí yín ká. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró lé yín lórí kí n ní kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi lẹ́yìn náà?"

"Mo ní tí kò bá sí èèyàn lọ́dọ̀ yín, màá yọ́ wá. Ẹ lọ kírun Jímọ̀, ẹ ò padà wá mọ́. Mo ní màá tún un ṣe nílé ní Sátidé. Iná ò sí, ara ọmọ mi ò sì yá." Ó wá bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ mọ̀ pé bàbá Tẹmi ò tíì ríṣẹ́."

Gbogbo wa la mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wà nílé láti ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ Wùnmí ni wọ́n fi ń jẹun.

Inú bí mi. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi, kò sì dùn mọ́ mi bó ṣe ń yé mi. Bí ọmọdébìnrin kan bá dúró níwájú àwùjọ, tó wo ojú àgbà tó jókòó, tó ní, "Ohun tí ẹ sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀," èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ bèèrè pé ọmọ ta ni, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Wọ́n ti kọ́ Wùnmí nílé. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé ló ba oògùn yẹn jẹ́.

Ọ̀gá àgbà pe èmi àti Dàmọ́lá sí yàrá rẹ̀. Láyé Ọ̀gá Fálànà, ta ló fẹ́ mọ ẹni tó kọ láìnì wo? Báyìí, kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ ẹni tó bá kọ láìnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ṣí i fún wa. Orúkọ Wùnmí tò wálẹ̀ tìì.

Ó ní, "Oníbàárà fẹ́ mọ ẹni tí a máa fi jófin. Wùnmí máa lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sọ fún un, Àlàájà, tiyín ló máa gbọ́."

Mo ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi ni."

"Àlàájà, orúkọ yín kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í kọ orúkọ ẹni tó jókòó. Ta ni wọ́n ń gbé àga fún láràárọ̀? Ta ló sọ fún oníbàárà pé ó ti parí kó tó bi àwọn tó ń ṣe é?"

Ó wo Dàmọ́lá. Dàmọ́lá ń wo tábìlì. Ó wá ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ, sà. Àga yẹn ni. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, mà."

Mo ní, "Ó wà lẹ́nu rẹ, o ò sọ ọ́. Ọ̀nà wo lo wá fi sàn ju Wùnmí lọ?"

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ ṣá, Àlàájà? Bó bá jẹ́ àga ló fà á, àga ni màá gbé kúrò o."

"Ẹ gbé e kúrò. Kí ọmọ yẹn dúró."

Báyìí ni wọ́n ṣe gba ipò mánéjà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ̀wé sí oníbàárà pé àwọn ti yọ mánéjà, ọkàn oníbàárà balẹ̀. Yàrá onígíláàsì mi di ibi tí wọ́n ń kó báàgì sí. Wọ́n ní kí n dúró ti ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, nítorí ìfẹ̀yìntì mi ò jìnnà mọ́. Ẹ má fi mí ṣe akọni o. Ó dùn mí wọ egungun. Mo tún lọ sunkún ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, arúgbó bíi tèmi, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí mítìǹgì ìdúró. Wùnmí tún ti ń gbé àga bọ̀.

Mo ní, "Gbé e padà."

"Mà, orúnkún yín—"

"Orúnkún mi ni, kì í ṣe tìrẹ. Gbé e padà." Mo sún sẹ́yìn, mo fara ti ògiri. Mo wá ní, "Láti òní lọ, ẹni tó kéré jù nínú yín ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí a bá ti gbọ́ ohùn àgbà, ohùn ọmọdé kì í jáde mọ́."

Wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀, ó ṣì ń le lẹ́nu wọn, "mà" ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó kan Wùnmí, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ó kọjú sí ògiri kó má baà rí ojú mi. Ó ní, "Ọ̀nà tí Àlàájà ní ká gbà tún prógíráàmù yẹn ṣe lánàá... kò lè ṣiṣẹ́. Á tún ṣe bákan náà bí ẹrù bá pín sí ọ̀nà mẹ́ta." Wọ́n ń retí ohun tí màá sọ. Gbogbo ara mi ló fẹ́ dá a lóhùn. Mo gé ètè mi jẹ, mo ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Òótọ́ ló sọ, ì bá tún ṣe bákan náà.

Ẹ ó bi mí pé, bí ẹni tó ṣe mánéjà rí ò bá pín iṣẹ́ mọ́, tí kò sì pàṣẹ, kí ló wá ń ṣe? Màá bẹ oníbàárà kó fún wọn láyè sí i. Màá dúró ti ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kí iná tó dé. Bí àwọn méjì bá ń bá ara wọn yan odì, màá mú ọ̀kan jáde lọ ra ẹ̀pà, a ó jẹ ẹ́ títí yóò fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá já lọ sí Kánádà láìdágbére, èmi ni màá bá àwọn tó kù dá ọkàn le. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló ń rẹni jù. Ó rẹ Ọ̀gá Fálànà náà o, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí àìsàn sé gbogbo ayé mọ́lé, inú kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe mítìǹgì náà, kálukú jókòó sílé ara rẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ àga ti tán. Àmọ́ bí mo bá ti yọjú láàárọ̀, orí Wùnmí á pòórá lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, á tún padà yọ. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bóyá iṣẹ́ yìí dáa, mi ò lè sọ fún yín pé ó dáa tàbí kò dáa. Ìdí rẹ̀ ni mo gbó sí. Irinṣẹ́ á máa yí padà, orúkọ á máa yí padà, àwọn èèyàn á máa wá láti òkè òkun láti wá kọ́ yín bí ẹ ṣe máa dúró. Àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ kọ́, ilé ti kọ́ wọn kí wọ́n tó dé. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Wùnmí wá kí mi, pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú ọ̀rá. Ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́, Tẹmi ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, òun náà sì ti di olórí ẹgbẹ́ yẹn. Mo wà lórí àga mi níwájú ilé, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn.

"Mà, wọ́n ti ń gbé àga fún mi o."

Ẹ̀rín pa mí. "Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà! Mo kàn fọwọ́ ti ìdí ni, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti sáré gbé e wá. Mo ní kó gbé e padà, ojú rẹ̀ fà ro. Láràárọ̀ ló tún ń gbé e wá. Kí ni kí n ṣe sí àga yẹn?"

Ọkọ̀ òfurufú kan ń bọ̀ lókè. A dákẹ́, a dúró kó kọjá, mo sì ń rántí Ọ̀gá Fálànà pẹ̀lú táì rẹ̀.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, mo ní, "Jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Má jù ú nù. Lójoojúmọ́, kí o dúró pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé wá bèèrè pé ta ló ṣe é, lọ jókòó sí i."

Mo na ọwọ́ sí Wùnmí, mo ní kó fà mí dìde, àsìkò ìrun ti tó.